Áyọ́ọ̀nù Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ bàlúù ni, bàlúù kékeré tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kàn, àti ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Ẹ óò wí pé, kí ni ó kan obìnrin opó nínú bàlúù? Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dá mi lẹ́jọ́ nígbà tí mo bá parí.

Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti dárúkọ bàlúù, ojú rẹ̀ á là bí ti ọmọdé. Nígbà tí àkọ́bí wa pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ra àwòrán bàlúù kan àti igi bálísà, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí kàn án lórí tábìlì ìjẹun mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ọmọ bá ti ti ilé-kéwú dé.

Igi bálísà yìí, ilẹ̀ Ekuádọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò gbé e rí yóò fi rò pé inú rẹ̀ ṣófo, èékánná lásán sì lè tẹ ojú rẹ̀ wọnú. Odidi oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gé e, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, egungun ìhà kan tẹ̀lé èkejì, títí bàlúù náà fi dà bí egungun ẹja tí a ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Láti ìkángun apá kan dé ìkángun apá kejì, ó tó mítà kan ààbọ̀. Ó wá ku kí a fi nǹkan bò ó.

Kí wọ́n tó bò ó ni ẹ̀jẹ̀ ríru kọlu ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ mi kò sunkún lójú ènìyàn. Ó gbé egungun bàlúù náà lọ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ òtútù bàbá rẹ̀ bò ó, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ fún ọdún méjì gbáko. Lọ́jọ́ kan àbúrò rẹ̀ obìnrin gun àga, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ariwo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà, àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tí ó tún wo ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ní ìrọ̀lẹ́. Ó nu eruku ara rẹ̀, ó tú ọ̀rá kan tí bàbá rẹ̀ ti rà sílẹ̀ kí ó tó kú jáde, ó sì wí fún mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní áyọ́ọ̀nù yín."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ alágbàfọ̀ ni mí. Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléédú, èyí tí àkùkọ kékeré jókòó sí iwájú rẹ̀. Kò sí irú aṣọ tí n kò mọ̀ ọ́n lọ̀, ì báà ṣe agbádá ṣáákì, ì báà ṣe léèsì. Bàbá mi a gbé áyọ́ọ̀nù súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á sì mọ bí ó ti gbóná tó láìsí ohun ìwọ̀n kankan. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi dárúkọ áyọ́ọ̀nù, inú mi dùn. Mo wí nínú ọkàn mi pé, níkẹyìn, ibì kan wà tí èmi náà lè gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rá náà jẹ́ fún yín, nítorí bí mo bá ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà ni, n kì bá tí dá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ohun kan náà tí wọ́n fi ń hun aṣọ pọ́lísítà ni wọ́n fi ṣe é. Ojú kan rẹ̀ ń dán, ojú kejì ní gọ́ọ̀mù, ọ̀rá mìíràn sì wà lẹ́yìn gọ́ọ̀mù náà tí a ó bó dànù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní ilé iṣẹ́, wọ́n ti nà án ní òòró àti ní ìbú, wọ́n sì jẹ́ kí ó tutù bí ó ti nà náà. Ó dà bí ẹni tí a ní kí ó na ọwọ́ sókè kí ó má sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ooru bá ti kàn án, ó fẹ́ padà sí bí a ti dá a, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa sún kì títí yóò fi le gbandi bí awọ ìlù. Ẹ̀yin tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ti ká ẹ̀wù pọ́lísítà yín kò rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ooru méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Ní nǹkan bí 100 digrí ni gọ́ọ̀mù irú tiwa ń yọ́, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ igi. Ní nǹkan bí 150 ni ọ̀rá náà fúnra rẹ̀ ń sún kì dáadáa. Ooru kékeré láti fi lẹ̀ ẹ́, ooru ńlá láti fi fà á le. Ẹni tí ó bá fi ooru ńlá bẹ̀rẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ọmọ mi mọ èyí, nítorí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Èmi kò mọ̀ ọ́n, n kò sì béèrè.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo níláti wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ń wọn ọ̀rá, ó ń tún un wọ̀n, ó ń gé e díẹ̀díẹ̀. Mo wo aago, mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó gbé e kúrò, ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Gbé e wá, ọmọ mi. Èyí kò le." Mo sì gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tẹ́ ọ̀rá aláwọ̀ aró lé ojú òkè apá ọ̀tún bàlúù náà, mo yí áyọ́ọ̀nù sókè dé ibi tí mo fi ń lọ ánkárá, mo sì tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ bí ẹni tí ó ń lọ aṣọ Iléyá. Ó kọ́kọ́ dára púpọ̀. Gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀ pòórá, ó ń dán yinrin. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, apá náà bẹ̀rẹ̀ sí ká sókè díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa, nítorí òkè nìkan ni mo bò, kò sì sí ohun tí yóò fà á padà láti ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ó ká ni ọmọ mi ń wò. Ìdí apá náà, níbi tí yóò ti so mọ́ ara bàlúù, ni ó tẹjú mọ́. Ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "Màmá, ẹ ti bo ohun tí Dádì kọ mọ́lẹ̀."

Mo bi í pé kí ni Dádì kọ. Ó gbé apá òsì tí a kò tí ì bò wá, ó sì fi hàn mí. Lórí pákó fẹ́lẹ́ tí ó wà ní ìdí apá náà, ọkọ mi ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gàdàgbà pé, APÁ ÒSÌ, ÒKÈ. Lára egungun ìhà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n tò. Ó kọ irú rẹ̀ sí ti ọ̀tún pẹ̀lú. Nígbà náà ni mo rántí pé mo ti rí ibì kan ní ìdí apá ọ̀tún tí sáńpépà kò kàn, tí mo sì rò nínú mi pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí ọmọ yìí ha á dé ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ṣọ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni.

Mo lọ síbi iṣẹ́. N kò lè sọ ohun tí mo ṣe lóru ọjọ́ náà. Ọkọ mi kò kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ikú kò fún un láyè. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ sára igi wọ̀nyí ni ìwé tí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, èmi sì ti fi ọwọ́ ara mi lọ ọ̀rá lé e lórí.

Nígbà tí mo délé tí mo sì kírun Àsùbáà tán, mo jí ọmọ mi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bẹ ọmọ. A máa ń ra nǹkan fún un, tàbí kí a se oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, kí ọ̀rọ̀ náà lè lọ bẹ́ẹ̀. Èmi pàápàá ti ń rò ó pé kí n ra bàlúù tuntun. Ṣùgbọ́n bàlúù wo ni mo fẹ́ rà tí ọwọ́ ọkọ mi yóò wà lára rẹ̀? Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀, mo ní, "Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo sì bà á jẹ́. Má bínú sí mi." Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní bàbá àgbà kan wà ní pápá tí òun àti bàbá òun máa ń lọ wo bàlúù, bóyá ó lè mọ ohun tí a ó ṣe.

A lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Òyìnbó arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó rántí ọkọ mi. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó ti kú, ó ṣí fìlà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yẹ apá bàlúù náà wò, kò sì béèrè ẹni tí ó bà á jẹ́. Ó ní ọ̀rá tí a ti lẹ̀ ṣeé ṣí: ooru kékeré ni a ó fi rọ gọ́ọ̀mù rẹ̀, kí a wá máa ká ọ̀rá náà padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀ pẹrẹsẹ, bí a bá fà á sókè, yóò ya igi. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ohun tí ó jẹ mọ́ pẹ́ńsù, nítorí gọ́ọ̀mù a máa bá nǹkan lọ. Ó wá gbé áyọ́ọ̀nù kékeré tirẹ̀ jáde, ó sì na ìdí rẹ̀ sí ọmọ mi. Kò nà án sí mi.

Ọmọ mi fi wákàtí kan ṣe ohun tí èmi fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe. Bí ọ̀rá ti ń ká kúrò, àwọ̀ aró díẹ̀díẹ̀ ń dúró lára igi, ìwé bàbá rẹ̀ sì ń yọ jáde. APÁ yọ, ó pé. Ọ̀TÚN yọ, ó pé. Nígbà tí ó dé ti ÒKÈ, lẹ́tà àkọ́kọ́ bá gọ́ọ̀mù lọ. KÈ nìkan ni ó kù. Mo di ojú mi. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó ṣeé kà síbẹ̀." Nígbà tí òkè kò ní ohun tí ń fà á mọ́, apá náà padà tọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá náà ti ń kọ́ ọ. Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wò wọ́n, mo sì ń gbọ́ ìtàn. Ó sọ fún wa pé aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bo bàlúù gidi. Nígbà tí Wilbur àti Orville Wright lọ sí Kitty Hawk ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1900 láti dán bàlúù tí kò ní ẹ́ńjìnnì wò, máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Tate ni Wilbur fi tún aṣọ apá rẹ̀ rán. Nígbà tí wọ́n fi bàlúù náà sílẹ̀ níbẹ̀, obìnrin náà tú aṣọ rẹ̀, ó sì fi rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Èyí tí ó ní ẹ́ńjìnnì, tí ó fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, aṣọ òwú ni ó bo apá tirẹ̀ náà.

Ìtàn kejì kò dùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń bo bàlúù ogun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kun ún ní ọ̀dà kan tí ń mú aṣọ sún kì. Obìnrin pọ̀ níbi iṣẹ́ náà. Oògùn kan tí ó wà nínú ọ̀dà náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú àwọn òṣìṣẹ́ náà, àwọn kan sì kú. Àwọn tí ń kan bàlúù kékeré náà lo irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti aṣọ ṣẹ́dà, bí kò tilẹ̀ ní oògùn burúkú yẹn nínú. Òórùn rẹ̀ a máa gba gbogbo ilé, iná sì ń tètè ràn mọ́ ọn. Àwọn ọdún 1960 ni ọ̀rá tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí gbalẹ̀ láàrin wọn.

Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó fẹ́ ṣe é, ọ̀nà tí bàbá náà kọ́ wa rèé. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha igi títí ọwọ́ kò fi ní rí gegele kankan, kí ẹ sì nu gbogbo eruku, nítorí ọ̀rá kì í bo àṣírí. Hóró yanrìn kan yóò hàn bí kókó. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú fún áyọ́ọ̀nù kí ó má baà ha ọ̀rá. Ìsàlẹ̀ apá ni kí ẹ kọ́kọ́ bò, lẹ́yìn náà òkè, kí etí ti òkè lè bo ti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà márùn-ún, kí atẹ́gùn má baà rí ibi wọlé. Ẹ gé ọ̀rá kí ó fi bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ju apá lọ yíká. Pẹ̀lú ooru kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní àárín ìkángun kan, ẹ rọra fà á, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ìkángun kejì. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ tí ó dojú kọ ọ́, bí onílù ti í so awọ. Nígbà tí gbogbo etí rẹ̀ bá ti lẹ̀ tán ni kí ẹ tó gbé ooru sókè. Díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀, kí agbára ìfà méjèèjì lè dọ́gba. Kí ẹ sì rántí fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sára egungun ìhà kọ̀ọ̀kan ṣáájú, nítorí afẹ́fẹ́ inú apá yóò wú bí ó bá gbóná, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, yóò gbé ọ̀rá kúrò lára igi.

Bí apá bá ká lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ rọra lọ́ ọ sí òdìkejì, ẹ fi ooru kàn án bí ó ti wà náà, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi tutù. Dídì í mú yìí ni iṣẹ́ gan-an. Ẹni tí ó bá tètè fi í sílẹ̀ yóò tún rí i tí ó ká padà. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ ra áyọ́ọ̀nù ọ̀tọ̀ fún un. Gọ́ọ̀mù tí ó kù lára tèmi ni ó ba híjáàbù funfun mi jẹ́ ní òwúrọ̀ Jímọ̀.

Ọ̀rá aláwọ̀ aró ni ọmọ mi fi bo ìsàlẹ̀ apá méjèèjì. Fún òkè, ó fi owó àpò rẹ̀ ra òmíràn, pupa rúsúrúsú tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì. Bàbá náà yìn ín, ó ní bí òkè bá mọ́lẹ̀ tí ìsàlẹ̀ sì dúdú, ẹni tí ń darí bàlúù yóò mọ èyí tí ó kọjú sí òun nígbà tí ó bá jìnnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi mọ ìdí tí ó fi yan èyí tí ó mọ́ gaara. Bí ẹ bá gbé bàlúù náà sínú oòrùn lónìí, ẹ óò rí gbogbo egungun ìhà rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ẹ óò sì kà á ní ìdí apá pé, APÁ Ọ̀TÚN, KÈ. Mo ní kí n bá a fi pẹ́ńsù tún lẹ́tà tí ó sọnù kọ kí ó tó bò ó. Ó ní rárá.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tí ó ni bàlúù tí ó wúwo bí tiwa níláti forúkọ sílẹ̀, kí ó sì lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò lè forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ṣe ìdánwò ti awakọ̀, ó yege. Èmi ni mo forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóhun. Nítorí náà nọ́ńbà tèmi wà lára bàlúù náà, nítòsí ìwé ọkọ mi.

Ó fò ní ọjọ́ Àìkú kan tí atẹ́gùn kò le. Bàbá arúgbó ni ó kọ́kọ́ di rẹdíò rẹ̀ mú títí ó fi gòkè, lẹ́yìn náà ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Oòrùn là á já, ó ń tàn bí fìtílà. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó lò lókè. Nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó kọsẹ̀ nínú koríko, ọ̀rá ìsàlẹ̀ apá òsì sì ya ní ibi kékeré kan. Mo sáré. Kí n tó débẹ̀, ọmọ mi ti kúnlẹ̀ tì í. Ó wo ibi tí ó ya, ó wò mí, ó ní, "Màmá, èyí kéré. A ó lẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹ ó bá mi dì í mú?"

Dì í mú ni ó wí. Kò ní kí n lọ̀ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ọdún méjì yẹn, mo rò pé ọmọ mi ti ká, mo sì fẹ́ fi ooru tọ́ ọ kíákíá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọmọ tí ó ń ṣọ̀fọ̀ bá ń fi ìrọra ṣe ohun kan lójú yín, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kọ. Ó dìgbà kan ná.